Téèpù Ara-Ò-Kọ̀

Ẹ ti fura, mo mọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí n fi yín ṣe bojúbojú: ọkùnrin tó bá gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú férémù, tó fi dígí bò ó, tó wá fi í kọ́ ibi tí oníbàárà á ti kọ́kọ́ rí i kó tó rí aṣọ kankan, ara ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò dá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Òun nìkan ni ìròyìn náà ò tíì dé etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú òun gan-an ni ìròyìn náà ń gbé.

Télọ̀ ni. Ara-Ò-Kọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí wọ́n bá gbé ẹran kejì síwájú rẹ̀, tí ẹnì kan sì ní, "Ẹ rọra o," ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Ara ò kọ̀ ọ́." Lóòótọ́, láti nǹkan bí ogún ọdún, ara náà ò tíì kọ nǹkan kan. Kò kọ ẹran, kò kọ ẹ̀dọ̀, kò kọ ìfun, kò kọ ọtí tútù, kò sì kọ ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ń sin ọtí tútù náà sọ́nà. Ó ga, ó sanra, ó sì mọ aṣọ rán sí ara rẹ̀ débi pé bí ó bá ń bọ̀ lójú títì, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù tuntun bọ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni dókítà obìnrin kan, tó máa ń tọ́jú àwọn tó sanra, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà dára. Ìfúnpá ò ga. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ní òun ti ń rí irú wọn, àwọn tí ara wọn tóbi ṣùgbọ́n tí inú ara ṣì wà ní àlàáfíà. Ó wá wọn àyíká ikùn rẹ̀: íńṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta.

"Ẹ bá mi ṣọ́ ikùn yìí o," ó ní. "Tó bá ń tóbi sí i, àlàáfíà yẹn ò ní pẹ́ kó ẹrù rẹ̀."

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó ṣọ́ íńṣì! Díẹ̀ ló kù kí télọ̀ rẹ́rìn-ín sí dókítà lójú. Ó gbé èsì náà délé, ó wá férémù fún un. Ìwé gùn ju férémù lọ díẹ̀, ó sì ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kan ìṣó kan sábẹ́ férémù, ó sì fi téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ kọ́ ọ. Téèpù tí wọ́n fi aṣọ ṣe ni, ti àtijọ́, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Nítorí pé téèpù náà máa ń ká kò bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, ó so àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé kóòtù mọ́ ìdí rẹ̀, kó lè na gbọọrọ bí àmì ẹ̀yẹ láyà ológun.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, á tú àlùmọ́gàjí kúrò, á fi téèpù wé ikùn, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó rí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Odindi ọdún mẹ́ta, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Òótọ́ ni pé àwọn ṣòkòtò rẹ̀ àtijọ́ ti ń fún un, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ̀ pé ọṣẹ òde òní ló ń mú aṣọ súnkì? Àwọn tó ń rán báyìí kì í fún un, ti àwọn oníbàárà rẹ̀ náà kì í fún wọn. Téèpù tó fi wọn ènìyàn náà ló fi ń wọn aṣọ. Kí ló wá fẹ́ padà lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́, aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí aṣọ ọ̀pá márùn-ún tí obìnrin náà bá gé kì í pé mọ́ bí télọ̀ bá wọ̀n ọ́n. Íńṣì mẹ́wàá géérégé ló máa ń dín. Télọ̀ ti pè é lólè lójú oníbàárà, ó sì ti pè é lólè lẹ́yìn oníbàárà.

"Ọ̀pá mi rèé," aláṣọ á wí, á sì na irin náà sí i nímú. "Íńṣì mẹ́rìndínlógójì, òǹtẹ̀ ìjọba wà nídìí rẹ̀. Irin ni. Irin kì í súnkì."

"Ọwọ́ tó mú un ló ń súnkì!"

Obìnrin náà sanra tó o, orúnkún sì ń dùn ún, nítorí náà ọ̀pá irin tó fi ń wọn aṣọ náà ló fi ń rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Télọ̀ máa ń sọ pé títẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ohun kan ṣì wà nínú ìsọ̀ télọ̀ tí mi ò tíì dárúkọ, òun náà kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ní igun, lábẹ́ òkìtì èérún aṣọ, àga bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Télọ̀ ni bàbá náà, ó sanra, ọ̀yàyà ènìyàn sì ni, títí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi wú. Ó wú, ó lọ, ó tún wú, ó lọ sí ẹsẹ̀ kejì, ó dé orúnkún. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà dé, lẹ́yìn ṣúgà ni kíndìnrín. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jókòó sórí àga yẹn, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi àwẹ́ aṣọ wé lórí àpótí, tó ń pariwo bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọjá kíákíá, nítorí pé atẹ́gùn lásán tí ń fẹ́ bọ̀ láti ara ṣòkòtò ẹni náà ń gún un lẹ́sẹ̀. Ara-Ò-Kọ̀ ò tọrọ owó lọ́wọ́ ayé, kò tọrọ oyè. Ohun tó fẹ́ ò ju pé kí òun má jókòó sórí àga náà láé. Òdìkejì àga yẹn gan-an ló gbé férémù kọ́ sí, kí àga lè máa kà á.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, dókítà náà pè é lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ kó àwọn tó sanra jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, ẹ̀rù sì ń ba àwọn èèyàn náà. Ṣé Bàbá Télọ̀ lè wá bá wọn sọ̀rọ̀? Ṣé Bàbá á gbà kí wọ́n fi òun ṣe àpẹẹrẹ?

Ta ni wọ́n fi oyin lọ̀ tó kọ̀? Kíá ló gé kóòtù tuntun.

Àárọ̀ ọjọ́ náà pé, ó la ojú, ó sì rò pé abẹ́rẹ́ ti bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá abẹ́rẹ́ títí. Kò sí. Aṣọ ìbora ló kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, aṣọ ìbora lásán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ń wo ẹsẹ̀ yín bí ẹni ń ka lẹ́tà?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ni?"

"Ó pọ́n."

"Ìbọ̀sẹ̀ ló fún un."

"Ìbọ̀sẹ̀ wo, olówó orí mi? Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ wà."

Ìyàwó náà jókòó ti etí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì mì díẹ̀, télọ̀ sì gbé ohùn kan sókè tí àwọn méjèèjì dá mọ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ ni.

"Ẹ jẹ́ ká pe dókítà," obìnrin náà rọra wí. "Ká ní ẹ ò lè wá."

"Kí n ní kí ló ṣe mí?"

Bó bá ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Bó bá ní ibà ni, dókítà á ní kó wá gba oògùn. Bí kò bá wí nǹkan kan tí kò sì lọ, aláṣọ, tí òun náà ti forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò náà, á ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò síbi tó yí sí tí ògiri ò sí níbẹ̀.

Ó wọ bàtà. Ẹ má bèèrè bó ṣe wọ̀ ọ́. Ó di aṣọ ìnujú sẹ́nu, ó ti ẹsẹ̀, ìyàwó sì ti gìgísẹ̀ bàtà láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọlé tán, òógùn ti rẹ kọ́là kóòtù tuntun. Ohun kan sì ṣe kedere sí i: bàtà yìí, bó bá bọ́, kò ní wọlé mọ́. Ó wà nínú rẹ̀ bí ẹni wà nínú àhámọ́, àwọn méjèèjì sì jọ ń lọ ni.

"Bá mi gbé férémù," ó ní.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn náà wà. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún. Ó mọ iye wọn nítorí pé ó kí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá ti gun mẹ́ta, á dúró, á nawọ́ sí ògiri, á ní, "Ọ̀dà yìí mà dára o," kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rò pé ọ̀dà ló ń wò. Lókè, wọ́n fi í sórí àga oníke kan ní ìlà iwájú. Àga náà ní apá méjì, apá méjèèjì sì di ìbàdí rẹ̀ mú bí ọlọ́pàá. Aláṣọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọ̀pá irin láàárín orúnkún.

"Télọ̀," obìnrin náà sọ sí i létí. "Kóòtù yìí dára. Ọ̀pá mélòó ló gbà? Àbí mo tún jí níbẹ̀?"

"Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lónìí, Aláṣọ."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. O ń láàgùn tó."

Dókítà kí gbogbo wọn, ó sì nawọ́ sí Ara-Ò-Kọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọn ikùn Bàbá Télọ̀, kó sì gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò dùn. Nọ́ọ̀sì fa téèpù tirẹ̀ yọ.

"Rárá o," télọ̀ wí, ó sì fa ti bàbá rẹ̀ yọ nínú àpò. "Onígbàjámọ̀ kì í yá abẹ fá orí ara rẹ̀."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Nọ́ọ̀sì wé téèpù náà mọ́ ọn, ó ka ohun tó rí sókè: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìyàwó gbé férémù sókè bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé pé kó ṣe. Ọdún mẹ́ta, kò fi íńṣì kan tóbi! Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ débi pé, fún ìṣẹ́jú kan, ó gbàgbé pé òun ní ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí pẹlẹbẹ kékeré kan, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ti ń ro tirẹ̀ lọ́wọ́, dókítà ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀.

"Sísanra nìkan kọ́ lọ̀rọ̀. Àwọn kan sanra tí ṣúgà wọn dára, tí ìfúnpá wọn dára. Ohun tá a máa ń bi ara wa ni pé, ta ló máa pẹ́ níbẹ̀, ta ni ò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀? Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní úríìkì ásíìdì. Pàǹtírí ni, kò sẹ́ni tí kò ní in lára. Oúnjẹ ń mú un wá, ara fúnra rẹ̀ ń mú un wá, kíndìnrín ló ń gbá a síta. Bí ọ̀rá inú ikùn bá ń pọ̀, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀lẹ. Nínú àwọn tó sanra tí ara wọn ṣì dá, àwọn tí ásíìdì yìí ga lára wọn la sábà máa ń bá ní òdìkejì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò ní fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ló ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń sáré ṣíwájú ni, bí ajá ọdẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti rí ajá, ẹ mọ̀ pé ọdẹ ò jìnnà."

"Dókítà, báwo lèèyàn ṣe ń rí ajá náà?" aláṣọ bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i rárá. Àmọ́ bó bá pọ̀ jù, ó lè dì bí abẹ́rẹ́, kó wọ oríkèé. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn jù."

Gbogbo ojú inú gbọ̀ngàn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ara-Ò-Kọ̀ nìkan ló gbójú sókè, tó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ẹ̀rọ náà dún. Dókítà wò ó. Kò kà á sókè. Ó tún un wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí i létí: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì mi."

Ó gbìyànjú láti dìde. Àga oníke bá a dìde. Ìyàwó fa àga, nọ́ọ̀sì fa àga, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín nítorí wọ́n rò pé àwàdà wà lára ètò. Nígbà tí àga bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, ẹ̀rín sì dáwọ́ dúró, torí igbe tó ké kì í ṣe igbe aláwàdà. Kò lè gbé ẹsẹ̀ kejì. Ibi tó dúró sí yẹn, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

"Gbà," aláṣọ wí.

Ọ̀pá irin ni. Ó wò ó. Ó wo obìnrin náà. Ó gbà á, ó sì fi ara tì í. Aláṣọ tẹ̀ lé wọn, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri, ó ní òun ò lè fi ọ̀pá òun sílẹ̀ fún ẹni tó mọ olè tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì gé bàtà náà láti etí dé etí. Àtàǹpàkò náà jáde, ó pọ́n, ó ń dán. Ìyàwó télọ̀ yíjú sí ògiri. Ó ti tú àwẹ́ aṣọ kúrò lára irú ẹsẹ̀ yìí fún bàbá ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun nínú ilé.

"Ásíìdì náà lé ní mẹ́sàn-án," dókítà wí. "Kò yẹ kó kọjá méje. Bàbá, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ní kẹ́ ẹ máa padà wá."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà gba férémù lọ́wọ́ ìyàwó, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa ìwé yọ, ó sì tú ìsàlẹ̀ tí wọ́n ká. Ìlà kan wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ọdún mẹ́ta ni oòrùn ò fi kàn án: *Úríìkì ásíìdì, mẹ́fà àti díẹ̀. Ó ti dé ẹnu ààlà. Kí wọ́n máa padà wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.*

"O gé e lẹ́tí," aláṣọ wí. Kò sí ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀.

"Mo ká a ni. Mi ò gé nǹkan kan." Télọ̀ gbá apá àga mú. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àga náà fẹ̀, ó ní apá, àti pé nọ́ọ̀sì ti gbé ẹsẹ̀ òun sórí àpótí. "Dókítà, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé èyí tó de bàbá mi mọ́lẹ̀ nìyí?"

Dókítà fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹsẹ̀ yìí ní oògùn, ẹ má fòyà ti ẹsẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń rò. Bí ikùn yín bá ti ń tóbi láti ọdún mẹ́ta yìí, a jẹ́ pé ohun tí mo bẹ̀rù nígbà yẹn ti dé. Àlàáfíà yẹn ti ń lọ, ẹ wà lọ́nà tí bàbá yín gbà, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀la ṣeré. Bí kò bá tóbi lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ó lè jẹ́ oúnjẹ tàbí ọtí ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ló gbé e sókè. Ó ń rú mi lójú ni, kí n má parọ́."

"Kò tóbi!" Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe ń gòkè bọ̀ láti inú kànga. "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ létí yín. Mẹ́rìndínláàádọ́ta! Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ẹ lọ kà á. Wọ́n lè ká ìwé, Dókítà, ṣùgbọ́n téèpù bàbá mi kì í parọ́. Mo ń fi àlùmọ́gàjí fà á gbọọrọ lójoojúmọ́ ayé kó má baà ká kò."

Aláṣọ, tó ti na ọwọ́ kó gba ọ̀pá rẹ̀, dúró.

"Kí lo so mọ́ ọn?"

"Àlùmọ́gàjí kóòtù. Ọdún mẹ́ta. Ìwọ lè tọ́jú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà gbé téèpù náà kúrò lórí itan télọ̀, ó tẹ́ ọ̀pá sórí tábìlì dókítà, ó fi orí téèpù mọ́ orí ọ̀pá, ó sì rọra tẹ́ ẹ lọ títí dé ibi tí òǹtẹ̀ ìjọba wà. Ó fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún sẹ́yìn kí télọ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Ìdí ọ̀pá oníńṣì mẹ́rìndínlógójì náà bọ́ sórí íńṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lára téèpù. Àlùmọ́gàjí ti na téèpù náà.